Wádìí

Ìdí ni à ń wá kí a tó pè é ní wíwádìí.
Mo tẹ́ páálí sílẹ̀ nínú abà,
mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo fẹsẹ̀ ti ara mi
wọ abẹ́ Ṣẹfulẹ́ẹ̀tì bàbá mi,
ọkọ̀ ọdún 1967, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá.
Ìta, àlìkámà Kánsáàsì ń fẹ́ kiri,
kò sí ohun tó kàn án.

"Méjìlá ni," bí Verlin Ostrander ṣe máa ń wí nìyẹn.
"Nọ́ọ̀tì méjìlá ló de ìdérí dífù mi.
Onímẹ́wàá, kó lọ fi ti ẹ̀ kó ìdọ̀tí."
Ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì,
ó sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkà,
ó sọ ọ́ fún dókítà tó ń gbọ́ ọkàn rẹ̀
lóṣù Ẹrẹ́nà, ọjọ́ mẹ́fà kí ọkàn ọ̀hún tó dákẹ́.

Ní Sátidé, Dwain Hruska ń bọ̀ láti Nẹbráskà
pẹ̀lú tírélà òfìfo.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí lórí fóònù:
"Corliss, ṣé méjìlá ni? Ṣé ó dá ọ lójú?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Etí ló dá mi. Kò tíì dá mi lójú.

Epo tó ti di àmọ̀. Ìtẹ́ eku lórí ọ̀pá ẹ̀yìn.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdérí náà títí irin fi yọjú.
Mo fi ìka kà á, láti òkè, mo ń yí i ká:
ení, èjì, ẹ̀ta,
mo dé ẹ̀wá,
ìka mi sì ti padà sórí ení.
Mo tún un kà láti ọwọ́ òsì.
Mo dúró díẹ̀,
bí ẹni pé nọ́ọ̀tì méjì jáde lọ ra nǹkan,
wọn á dé láìpẹ́.

Ó dára. Mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè,
mo fi òkúta há táyà iwájú, mo tú gíà sílẹ̀,
mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà, mo fa òmíràn sára ṣáfùtù.
Mo yí ọ̀tún síwájú.
Òsì yí sẹ́yìn,
bíi tọkọtaya tó ń bínú lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.
Bàbá mi ní àwọn méjèèjì máa ń lọ pọ̀ ni.
Mo fi igi há òsì, mo yí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì gbáko:
ṣáfùtù yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi ìwọ̀n àtàǹpàkò lé e.
Gíà ẹni tí kò kánjú.

Ó wá ku ohun tí irin fúnra rẹ̀ sọ.
Lára ikùn dífù, ibi tí tọ́ọ̀ṣì fi agídí dé,
lẹ́tà kan fún oṣù, nọ́ńbà kan fún ọjọ́,
òmíràn fún ọdún.
1971.
Ọkọ̀ fi ọdún mẹ́rin ju ìdí rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ń gé ọ̀dùnkún nígbà tí mo wọlé.
Kò gbójú sókè.
"Ọdún ọ̀dá yẹn ni," Arvella ní.
"Ọkùnrin kan wá láti Salina lálẹ́,
ó tú méjìlá lọ, ó de mẹ́wàá rọ́pò rẹ̀, ó san owó."
Ọ̀bẹ kò dúró.
"Owó ọ̀hún ń bẹ lẹ́nu ẹ."

Wáyà eyín. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
eyín mi ń bá ara wọn jà sọ́nà.
Mo fi ahọ́n kà wọ́n níbi tí mo dúró sí.
Wọ́n tò.
Mo wá rántí pé bí bàbá mi bá ti wí pé "Méjìlá ni,"
ẹnu mi ló máa ń wò.
Mo rò pé ó ń retí kí n sọ nǹkan ni.

Mo pe Hruska.
Mo ní, "Mẹ́wàá ni. Mo ti kà á."
Ó dákẹ́, ó ní òun á yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là nínú owó.
Mo ní kó yọ ọ́.
Ó ní ta ló wá sọ pé méjìlá ni tẹ́lẹ̀?
Gíríìsì ti kùn fóònù náà dé etí mi.
Mo ní, "Ẹni tó mọ iye tó tà á."